Ojú Tí Wọ́n Ní Kí N Yọ Kúrò

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní àdúgbò Fondren Southwest, nílùú òyìnbó níbí, láàrin ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù àti ilé ìfọṣọ kan. Fọ́tò, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, kò sí èyí tí n kì í tẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan péré ni iṣẹ́ méjì tí mo fẹ́ sọ yìí wọlé.

Ìyá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ wá, láti àdúgbò Westchase. Ó mú àwòrán kan dání kí n bá òun sọ ọ́ di ńlá, torí ó fẹ́ fi ṣe àlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkàwé. Àwòrán àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, orí pátákó roboto ni wọ́n kùn ún sí. Bàbá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, ìyá kan tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, ọmọkùnrin kan níwájú wọn. Ọmọ kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú. Ẹnìkan ti ha ojú náà dànù.

Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo ní mo lè bá a tún un ṣe.

"Má fọwọ́ kàn án," ló wí. "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha á ni."

Ó jókòó, ó sọ ìtàn náà fún mi. Olú ọba Róòmù ni bàbá yẹn, etí òkun Líbíà ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó kú, ó fi ìjọba sílẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n jọ ṣe é. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ọ̀tá ara wọn. Wọ́n pín ààfin sí méjì, wọ́n dí ọ̀nà àárín pa. Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn pàdé lọ́dọ̀ ìyá àwọn, kí àwọn parí ìjà. Àbúrò débẹ̀, àwọn ọmọ ogun ẹ̀gbọ́n sì wọlé. Ó sá lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀, àyà ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí. Wọ́n ṣá ìyá pàápàá lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n wá pàṣẹ kí wọ́n pa orúkọ àbúrò òun rẹ́ lára gbogbo òkúta, kí wọ́n ha ojú rẹ̀ kúrò nínú gbogbo àwòrán. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ó pa wọ́n. Ìyá kò gbọdọ̀ sunkún. Ńṣe ni wọ́n ní kó máa rẹ́rìn-ín.

Mo tẹ àwòrán náà fún un, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Olùṣọ́ ìjọ wa pè mí. Ìjọ Aládùúrà ni tiwa, ní àdúgbò Brays Oaks. Bàbá àti àbúrò wọn, ọmọ ìyá kan náà, ló jọ dá a sílẹ̀ nínú pálọ̀ ilé tí wọ́n rẹ́ǹtì. Nígbà tó yá, wọ́n jà lórí ẹni tó máa jẹ́ olórí. Àbúrò kó lọ sí ìlú Dallas. Àwọn tirẹ̀ tí kò bá a lọ, Bàbá gba ipò lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Fọ́tò àtijọ́ la máa lò nínú ìwé àjọ̀dún," Bàbá wí lórí fóònù. "Ọ̀gbẹ́ni yẹn, yọ ọ́ kúrò."

"Nínú èwo, sà?"

"Nínú gbogbo ẹ̀."

Mo sì ṣe é. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn lórí àwọn mọ́tò níta. Mo fa ìlà yí àbúrò wọn ká, ó pòórá, kọ̀ǹpútà sì fi kọ́tìnì funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dí ibi tó wà. Nínú fọ́tò kan, ó gbé ọmọ tuntun sókè níwájú pẹpẹ. Nígbà tí mo yọ ọ́ tán, ọmọ náà ń dá dúró nínú afẹ́fẹ́. Mo ní láti yọ ọmọ náà pẹ̀lú.

Kọ̀ǹpútà mi máa ń wá ojú èèyàn nínú fọ́tò, á fi àpótí kékeré yí i ká, á sì béèrè pé ta nìyí. Nínú fọ́tò tó tóbi jù, ó yí ojú Bàbá ká, ó yí ojú ìyá wọn ká. Ó tún fi ọ̀kan yí ibi tó ṣófo ká, lórí kọ́tìnì. Mo pa á, mo tún un ṣí. Ó tún béèrè. Mo sọ fún ara mi pé bí kọ́tìnì ṣe ká ló tàn án jẹ. Síbẹ̀, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́ ohùn èèyàn.

Lẹ́yìn àjọ̀dún, ìyá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mama ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń gbé. Wọ́n tẹ́ ìwé àjọ̀dún síwájú mi, wọ́n fi ìka lé orí kọ́tìnì, ibi tí àpótí yẹn wà gan-an.

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀dọ̀ ẹ ló wà?"

Mo dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró.

"Wọn kì í jẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀ nínú ilé," wọ́n wí. "Tí mo bá fẹ́ sunkún, wọ́n á ní kí n kọrin ọpẹ́."

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mi ò tíì pa àwọn fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí náà mo tẹ ọ̀kan tí ọmọ wọn ṣì wà nínú rẹ̀ fún wọn. Wọ́n fi sáàrin Bíbélì wọn, wọ́n sì jáde.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí Bàbá tó dá wá, láàárọ̀, láìwọ sùtánà. Wọ́n rù.

"Ìyá ti dùbúlẹ̀ àìsàn, orúkọ àbúrò mi ni wọ́n ń fi pè mí," wọ́n wí. "Mo máa ń sọ pé èmi kọ́. Lánàá, mo dáhùn."

Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó.

"Tí mo bá ń wàásù, mo máa ń sún sápá kan. Nínú fídíò ni mo ti rí i. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fàyè sílẹ̀ fún ẹnìkan." Wọ́n wo ilẹ̀. "Àwọn fọ́tò yẹn, ṣé o ṣì ní wọn?"

"Gbogbo ẹ̀ wà, sà."

Mo tẹ̀ wọ́n. Bàbá kó wọn lọ sínú mọ́tò, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Mo rí i pé wọ́n gbé fóònù sétí.

Àbúrò dé láti Dallas lọ́jọ́ Sátidé. Ó bá Mama láyé, ó lo ọjọ́ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí Mama tó kú. Òun àti Bàbá jọ jẹun, wọ́n jọ ṣètò ìsìnkú, ṣùgbọ́n ìjọ ṣì jẹ́ méjì títí dòní.

Ẹgbẹ́ mi ni àbúrò yìí. Mo lọ bá a, mo sì jẹ́wọ́ pé ọwọ́ mi ni mo fi yọ ọ́ kúrò nínú àwọn fọ́tò.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹnìkan fi ìwé àjọ̀dún náà ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ tí mo rí i, ńṣe ni mo lọ síwájú dígí, mo fọwọ́ kan ojú ara mi, bóyá ó ṣì wà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé kámẹ́rà sókè níbi ìsìnkú, ó rọra yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.