Ojú Tó Pọ́n Lọ́sẹ̀ Ìsìnkú

Òórùn ọ̀dà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Bí ẹbí bá ń múra ìsìnkú ní Ìlọ́fà, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kùn, kí àwọn ará ìlú ńlá má baà bá ògiri tó ti ṣí. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wá. Ìyá ìyá mi ló kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni yóò ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọmọ obìnrin àgbà ni ìdílé wa máa ń fún. Pòròpórò ti gún ojú òsì wọn láti kékeré, ojú ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi ń kàwé. Òun náà ló wá pọ́n bí ata lọ́sẹ̀ ìsìnkú. A di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀dà.

“Éè dùn mí rárá,” ni wọ́n wí. “Ó kàn ń ṣú bí ọyẹ́.”

Gbólóhùn yẹn ló yẹ ká gbọ́. Àmọ́ ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé àwọn àlejò á pè é ní àpólò, wọn ò sì ní fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àbúrò wọn ọkùnrin, tó ti Èkó dé, gun ọ̀kadà lọ sí Òsí, ó ra oògùn ìkán-sójú lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì.

“Ẹ kán an, Àǹtí. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, á ti funfun.”

Ó sì funfun lóòótọ́, gbogbo wa ń yìn ín. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ka ìwé Kọ́ríńtì láìkọsẹ̀, ohùn wọn já gaara dé ìjókòó ẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Lẹ́yìn tí a tú ká, nígbàkigbà tí ojú náà bá tún ṣú, wọ́n á kán oògùn. A ń wò ó pé ó funfun, a ò bi wọ́n bóyá wọ́n ń ríran. Nígbà tí a fi máa gbé wọn dé Ìlọrin, ojú náà kò ríran mọ́. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ṣàlàyé fún wa. Kòkòrò tíńtín kan ló wà níbẹ̀, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara gan-an ló sì ń gbé, bí àfòmọ́ lórí igi obì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a máa tú kẹ́míkà jáde láti fi ké síra wọn. Ìpè yẹn ló ń fún ẹ̀ṣọ́ tí kòkòrò ti wọ̀ lágbára láti há a mọ́, kó má lè máa bí sí i. Òun náà ló ń mú kí ojú pọ́n, bó bá sì pọ̀jù, ó lè ṣe ojú ní jàǹbá.

“Oògùn tí ẹ ń kán kì í pa kòkòrò,” ni dókítà wí. “Ìpè yẹn ló pa lẹ́nu mọ́. Ká ní ẹ lo oògùn kòkòrò mọ́ ọn ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.”

Ojú náà kò padà. Kò sẹ́ni tó ṣe é níkà, ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló tún mú kó dùn mí jù. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà lórí òkú ìyá wọn ni wọ́n kà kẹ́yìn láyé wọn.

Ọdún Àjíǹde tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi níwájú ilé, àbúrò wọn tó ra oògùn ń ka Bíbélì sí wọn létí. Ó dúró, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ń gbọ́?”

“Mò ń gbọ́,” ni wọ́n dáhùn. “Ojú mi náà sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. A ní kó dákẹ́, àlejò ń bọ̀.”

Àbúrò wọn kò lè kà á mọ́. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó ti ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti tún ń ṣí, mo sì kà á parí fún wọn.