Ìlà Kékeré Tó Wà Lápá Òsì

Abíọ́nà káfíńtà, ọmọ Ìkàrẹ́, kì í gun òrùlé láìkọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí iṣẹ́ náà lè gbà lọ́wọ́ òun. Kì í ṣe owó ló ń wí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ já láti orí igi òrùlé ní Òkè-Àgbè, ọrùn rẹ̀ sì ti kán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abíọ́nà ló kan pósí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ajá tí kò mọ̀ rí.

Lọ́dún 1956, wọ́n pè é sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Ọdẹ́yẹmí àti Olúyọmí, ọmọ bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ń tún ilé baba wọn tó wó kọ́ sábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo: òsì fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀tún fún àbúrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ti jà lórí ilẹ̀ náà. Olúyọmí fi òkúta yọ eyín méjì lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹ́yẹmí sì dá a lápá. Àwọn àgbà wá là á yé káfíńtà pé bí òrùlé apá kan bá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ ga ju èkejì lọ, ẹ̀jẹ̀ á tún ṣàn.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?" ni Abíọ́nà bi wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa wà lókè, káfíńtà?"

Abíọ́nà kò fi ojú díwọ̀n iṣẹ́ yẹn. Ó lọ bá Zachariah, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà. Zachariah ya ilé náà sórí ìwé, ó ga ṣóńṣó láàárín, ó sì rọra lọ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Àárín ilé ni òdo, bọ̀dá. Ẹ rìn sọ́tùn-ún, ẹ ka ẹsẹ̀ bàtà kan, méjì, títí dé méjìlá. Ẹ rìn sósì, iye kan náà ni, àfi pé a ó fa ìlà kékeré síwájú rẹ̀ ká lè mọ̀ pé òsì ni. Àyọkúrò là ń pè é."

"Kí ló wá yọ?"

"Kò yọ nǹkan kan. Ẹ wo igi méjì tí mo nà dúró yìí. Nọ́ńbà tó bá fẹ́ wọ àárín wọn gbọ́dọ̀ bọ́ ìlà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí. Bó ṣe jìnnà sí àárín nìkan ló kù. Ẹ dá a sí méjì, ẹ yọ ìdajì náà kúrò nínú mẹ́rìndínlógún tí àárín ga tó, ibẹ̀ ni òrùlé ga dé."

Abíọ́nà dán an wò. Méjìlá lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Méjìlá lósì, mẹ́wàá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kan ìwé náà mọ́ òpó ilé kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa wò ó.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí igi òrùlé ti gòkè tán, Ọdẹ́yẹmí, tí kò mọ̀wé, pe Badmus télọ̀ tó ń kọjá lọ. "Kí ni wọ́n kọ sápá tèmi?"

"Méjìlá, mẹ́jọ, mẹ́rin. Àmọ́ ìlà kan wà níwájú tiyín, ẹ̀gbọ́n, kò sí níwájú ti àbúrò yín."

"Kí là ń pè é?"

"Àyọkúrò." Badmus bú sẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé eyín nìkan kọ́ ni wọ́n yọ fún yín."

Ọdẹ́yẹmí kọ ẹ̀yìn sí i. Ó lọ mú àdá wá. Olúyọmí ń tẹ ẹrẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àdá bá a léjìká, ó ṣubú, ẹrẹ̀ sì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí àkàbà tí Abíọ́nà wà lórí rẹ̀, ó sì gùn ún.

"Olè! Èló ni Olúyọmí fún ọ tí o fi yọ nínú apá tèmi?"

"Ẹ dúró ná! Ẹ jẹ́ kí n…"

Ọwọ́ òsì ni Abíọ́nà fi di igi mú. Àdá balẹ̀ lé e, ìka méjì bọ́. Ó fi òòlù tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún gbá Ọdẹ́yẹmí lẹ́nu, egungun àgbọ̀n dún kà, àkàbà yẹ̀, àwọn méjèèjì sì já sínú ẹrẹ̀.

Abíọ́nà ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó gbé òòlù sókè orí ọkùnrin náà. "Dìde! Rìn láti àárín lọ sósì, kí o sì máa kà."

Ọdẹ́yẹmí ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó ń kà. Ní méjìlá, àwọn òṣìṣẹ́ ju okùn tó ní òkúta lẹ́nu sílẹ̀ láti ara igi òrùlé: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Wọ́n lọ sọ́tùn-ún: mẹ́wàá. Wọ́n tún un wọ̀n ní mẹ́rin: mẹ́rìnlá síhìn-ín, mẹ́rìnlá sọ́hùn-ún.

"Kí ni mo yọ fún ọ?" Abíọ́nà na ọwọ́ tó fi aṣọ wé sí i. "Ìwọ lo yọ. Ìka mi méjì lo yọ!"

Wọn kò rí ìka náà nínú ẹrẹ̀. Olúyọmí kò kú, ṣùgbọ́n apá tí àdá bà kò gbé ọkọ́ mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Abíọ́nà padà wá kan páànù, nítorí kò sí káfíńtà mìíràn tó gba iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ di àkàbà mú, àfi Ọdẹ́yẹmí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Káfíńtà wò ó títí, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà.

"Ẹ dì í mú dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ìka mẹ́jọ ló kù."