Tahir Rewáyà àti Pijó Tó Ń Ké

Etí Tahir ti ń di. Ọdún méjìlélógójì nídìí ẹ́ńjìnnì, kí ni kò ní di? Rewáyà ni, l'Ọ̀wọ̀, iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ariwo ni àwọn oníbàárà ń gbé wá. Ariwo tí kò gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Pijó 504 kan wọlé, ó dàgbà ju àwọn tíṣà kan lọ. Màmá Olúfúnmilọ́lá ló wà á, ọmọ Ọ̀kà Àkókó, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ìpele. Oníbàárà ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Bàbá Afeezat, bẹ́líìtì kẹta rèé láàárín oṣù méjì. Ọkọ̀ yìí ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dè. Kí n tó dé ilé-ìwé, gbogbo ọmọ ti gbọ́, wọ́n ti jókòó bí ẹni mímọ́."

"Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, Màmá."

Ṣèyíọlá, rewáyà ọ̀dọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Etí tèmi méjèèjì ń ṣiṣẹ́."

"Bí kò bá dákẹ́ lónìí," Màmá wí fún Tahir, "ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé e lọ."

Ìyẹn, Tahir gbọ́ ọ kedere.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì. Ó le dáadáa. Kò sí epo lára rẹ̀. Bẹ́líìtì ò jẹ̀bi, nígbà náà. Ó ku púlì, irin roboto tí bẹ́líìtì ń yí níwájú ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára.

"Màmá, ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì."

"Ṣọ́ọ̀kì kẹ̀?"

"Tíṣà kì í rìn kó má ní."

Lóòótọ́. Àjákù méjì, nísàlẹ̀ báàgì.

Tahir fa ìlà funfun kan ṣoṣo láti orí irin àárín tí púlì wà lórí rẹ̀, gba orí nọ́ọ̀tì, dé ara púlì. Ó ní kí Màmá sitáàtì ọkọ̀, kó tan gbogbo iná, kí iṣẹ́ lè wọ ọ́tánétọ̀ lọ́rùn. Ṣèyíọlá fọwọ́ di etí. Tahir dúró jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí. Wọ́n pa ọkọ̀. Ìlà náà ti já sí méjì: apá kan kọjú sókè, ìkejì kọjú sí ìsàlẹ̀.

"Púlì ń yí, irin àárín ò bá a lọ. Wọ́n jọ ń gbé, wọn ò jọ ń rìn."

Ṣèyíọlá sún mọ́ ọn. "Èmi ì bá ti ní kí wọ́n ra bẹ́líìtì kẹrin," ó wí.

Tahir yọ wáyà orí bátìrì, ó yọ bẹ́líìtì. Ọwọ́ lásán ló fi tú nọ́ọ̀tì. Ègé irin kékeré tó yẹ kó há púlì mọ́ irin àárín, kò sí níbẹ̀.

"Ta ló tú u kẹ́yìn?" Màmá béèrè.

Ó lè purọ́. Etí ló di, ẹnu ò di.

"Èmi ni. Nígbà Iléyá, tí mo pààrọ̀ béárìn inú ọ́tánétọ̀. Mo gbàgbé láti dá ègé irin náà padà."

Tahir lọ tú ègé irin tó bá a mu lára ọ́tánétọ̀ àlòkù kan, ó tẹ̀ ẹ́ sáàyè, ó dá bẹ́líìtì padà, ó fi gbogbo agbára èjìká de nọ́ọ̀tì. Ó so bátìrì. Màmá sitáàtì ọkọ̀. Tahir ò gbọ́ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí kò ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú Màmá ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ mì.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní," Màmá pariwo, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ti pa rọ́rọ́, "lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, màá gbé ọkọ̀ àbúrò mi wá. Òun náà ń ké."