Ààrò Márùn-ún Láàrin Ilé àti Ṣọ́ọ̀bù

Aránṣọ ni mí, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan wà ní ìwọ̀n. Bí aṣọ bá fi ìnṣì kan péré tóbi ju oníbàárà mi lọ, ara mi kì í balẹ̀ àfi tí mo bá tú u. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwa aboyún ní Ọ̀mù-Àrán sọ fún mi pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Báwo ni kí n ṣe máa jẹun tó? Ẹ wọ̀n ọ́n fún mi." Mi ò sunkún. Mo rò pé mo ti sun ẹkún tèmi tán lọ́dún tó ṣáájú.

Oyún mi kejì nìyẹn. Nígbà tí mo wà nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ló ń yin ikùn mi, wọ́n ní ọmọ ńlá ló wà níbẹ̀. Ọmọ ńlá ni lóòótọ́. Èjìká rẹ̀ há, nígbà tí wọ́n sì fi máa rí i fà jáde, kò ké. Ọkùnrin ni. Kò sẹ́ni tó yẹ ṣúgà wò fún mi nínú oyún yẹn, torí pé èmi gan-an ni mi ò tètè lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú. Iṣẹ́ ọdún Iléyá ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo bínú sí ara mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí ìbínú náà fi sú mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú dání nígbà tí oyún kejì dé ni pé èyí máa ké.

Ará Èsìẹ́ ni nọ́ọ̀sì náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Wọ́n ní ṣúgà yìí máa ń bá oyún wá, ó sì máa ń bá a lọ lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá ṣáà ti mójú tó o. Wọ́n gbé àwo pẹrẹsẹ kan síwájú mi, wọ́n fi ìka là á sí méjì. Ìdajì fún ẹ̀fọ́. Wọ́n tún la ìdajì kejì sí méjì: apá kan fún ẹja tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà tàbí wàrà, apá kan tó kù fún ìyán tàbí àmàlà tàbí ìrẹsì, kó má ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ mi lọ. Kò gbọdọ̀ sí ògì oníṣúgà, kò gbọdọ̀ sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kí n máa rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Kí n máa gún ìka mi lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fún mi láti fi wọn ṣúgà, kí n sì kọ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ sílẹ̀. "Ẹ má febi pa ara yín o," ni wọ́n fi kún un. "Mi ò ní kí ẹ gbààwẹ̀."

Mo délé, mo fa tépù mi yọ, mo fi wọn ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo wá ife oníke kékeré kan tó ṣe déédéé rẹ̀, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fa ìlà sára aṣọ la àwo mi sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe là á. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ iná ní Gánmọ, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Nígbà tó rí mi tí mo ń ti ìyán mọ́nú ife, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o fẹ́ rán ìyán náà ni?" Mo ní kó rẹ́rìn-ín tó bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ọtí mọ́ọ̀tì aládùn tó gbé wá fún mi yẹn, Gánmọ ni kó ti máa mu ún. Ó gbé e padà sínú àpò rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo ń kọ oúnjẹ mi sí. Mi ò fo ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ máa ń sọ ohun rere láàárọ̀ kí n tó jẹun, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀sán, yóò ti gòkè kọjá ibi tí nọ́ọ̀sì ní kó mọ. Mo dín ìyán kù sí ààbọ̀ ife. Ó ṣì ń gòkè. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá lọ́sàn-án, mo ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja nìkan, orí ń fò mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, síbẹ̀ ó ń gòkè. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, ọmọ yìí sì tún ń tóbi lọ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo gbé ìwé náà lọ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n kà á látòkè délẹ̀.

"Ṣé gbogbo ohun tí ẹ jẹ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, mà."

"Láàrin oúnjẹ àárọ̀ sí ti ọ̀sán ńkọ́?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

Mi ò purọ́. Bí wọ́n bá ní kí n búra, mo máa búra. Nọ́ọ̀sì wá béèrè ohun tí mi ò retí. "Ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?" Mo ní iwájú agbo ilé ọkọ mi ni, létí títì. "Yàrá yín ńkọ́?" Mo ní ẹ̀yìn pátápátá. "Ààrò mélòó lẹ ń kọjá kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù?" Mo kà á lọ́kàn. Márùn-ún ni. Nọ́ọ̀sì pa ìwé náà dé. "Èmi náà gbélé ọkọ bímọ," ni wọ́n wí. "Ẹ lọ kọ èyí tí wọ́n ń fún yín tọ́ wò."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni ìtìjú mú mi. Nínú agbo ilé wa, wọn kì í jẹ́ kí aboyún kọjá níbi tí nǹkan wà lórí iná láìfi díẹ̀ sí i lẹ́nu. Wọ́n ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbóòórùn oúnjẹ tí kò tọ́ ọ wò, itọ́ ni yóò máa dà títí yóò fi wọ iléèwé. "Ìyàwó, yà wá tọ́ ọ wò," ni wọ́n máa ń wí. Bí o bá kọ̀, bí ìgbà tí o ní ìkòkò wọn dọ̀tí ni. Kò sì sẹ́ni tó ń pe nǹkan yìí ní oúnjẹ. Èmi tí mo máa ń torí ìnṣì kan tú aṣọ, kò fìgbà kan wá sí mi lọ́kàn rí láti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń nu ẹnu mi, mo máa ń dúpẹ́, mo máa ń lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láti lọ gún ìka. Bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ iye ìgbà tí aboyún ń lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé láàárọ̀? Bí mo bá ti ń lọ ni wọ́n ń pè mí, bí mo bá ti ń bọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú abọ́ onídèérí kan dání. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún mi, mo máa ń ní, "Ẹ ṣé o, màá jẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù," màá sì dà á sínú abọ́. Nígbà tí a kírun Àsárì tán, abọ́ náà ti kún. Iṣu sísun wà níbẹ̀, ẹ̀kọ wà níbẹ̀, dòdò, ìyán tí wọ́n bù látẹnu odó, ànàmọ́, àgbàdo sísè. Mo fi ife mi wọ̀n ọ́n. Ife mẹ́fà ni, ó sì kù. Inú bí mi gan-an. Mo gbé abọ́ náà, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá.

Ìyá ni ìyá ọkọ mi. Irú ni wọ́n ń ṣe, ààrò tiwọn ni àkọ́kọ́ tí mo ń kọjá, àwọn ni wọ́n sì ń fún mi jù. Ọ̀rọ̀ gbígbóná ni mo tò sẹ́nu lọ. Mo ṣí abọ́ náà síwájú wọn.

"Ìyá, ẹ wò ó. Ohun tí mo tọ́ wò láti àárọ̀ nìyí, kì í ṣe oúnjẹ mi."

Wọ́n fi ìka tú u wò. "Èyí ni tèmi," ni wọ́n wí. "Èyí náà, tèmi ni."

Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi: pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ń kọjá sára ọmọ, pé òun ló ń sọ ọmọ di ńlá, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ló sọ ti àkọ́kọ́ di ńlá tó fi há. Ìyá ò gbójú sókè.

"Èkó ni mo wà nígbà tí oyún yẹn ń gbó," ni wọ́n wí. "Mo lọ tọ́jú ọmọ fún àbúrò ọkọ rẹ. Ìgbà tí mo dé, èmi ni mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ. Mo ní ká ní mo wà nílé ni, ká ní mò ń bọ́ ọ dáadáa ni, kò ní kú. Ìdí tí mo fi ń fún ọ nìyẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada irú, mo sì sun ẹkún tí mo rò pé mo ti sun tán. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí èyí ké, ẹ bá mi dá oúnjẹ yìí dúró."

Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n gbé abọ́ náà, wọ́n mú ààrò mẹ́rin tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ níbi gbogbo: "Mi ò ní kí ẹ má fún ìyàwó mi ní nǹkan tọ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa fún un, èmi ni màá máa gbé e wá fún yín." Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń pín in káàkiri láàárọ̀: ikàn méjì síbí, ẹ̀pà díẹ̀ sọ́hùn-ún, ègé wàrà kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní. Ọ̀kan nínú àwọn ìyálé ilé ní ṣé ikàn ni aboyún yóò máa jẹ bí ewúrẹ́. Ìyá ní, "Bó bá máa bímọ wẹ́rẹ́ bí ewúrẹ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Wọ́n ń se ọ̀ọ̀lẹ̀ fún mi, wọ́n sì ń wọn ìyán mi fúnra wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á mú mi rìn dé ibi tí ọ̀nà Àrándùn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wà níwájú, wọ́n á máa pè mí ní ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun rere lọ́sàn-án náà. Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, ti àárọ̀ tún fẹ́ gòkè, nọ́ọ̀sì ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀. Mi ò jà. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún un, mo sì ń gún un.

Obìnrin ni mo bí, kò tóbi, kò kéré. Ó dákẹ́ díẹ̀ nígbà tó jáde, ó wá ké. Mo gbọ́ tí Ìyá ń dúpẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn àáfáà ṣàdúrà tán, wọ́n gbé àwo oyin àti ṣúgà kiri kí gbogbo èèyàn tọ́ ọ wò. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n ṣì máa ṣọ́ ohun tí mò ń jẹ títí wọ́n á fi tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa kọ oyin ọjọ́ orúkọ ọmọ mi? Àwo dé iwájú mi, gbogbo ojú wà lára mi, mo na ọwọ́. Ìyá ti gbà á kí ọwọ́ mi tó débẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní, "Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìyàwó mi," wọ́n sì gbé àwo náà fún ẹni tó kàn.

Ọmọ jí lórí itan mi, ó fi igbe ta. Mo fẹ́ fún un lọ́mú. Ìyá di ọwọ́ mi mú.

"Dúró ná," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀."