Ṣéènì Tí Mo Yọ Kúrò

Ọkùnrin tó ta alùpùpù náà fún mi kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹnjiníà ni, ọmọ Ìbàdàn, ó ti ṣiṣẹ́ níbí ní Monrovia fún ọdún mélòó kan, ó sì ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Ó mú mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà náà nínú ọgbà ilé rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ́lẹ́.

"Tíṣà, kò sóhun tó ṣe é lónìí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ikú irú ẹ́ńjìnnì yìí ń gbé. Ṣéènì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò lè rí láti ìta. Kì í ṣe èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn o, ti inú ni mò ń wí. Tó bá ti gbó, jíjá ló máa já, kì í sì í kìlọ̀. Ẹ má dúró kó bẹ̀rẹ̀ ariwo kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀."

Mo bi í pé tó bá já nígbà tí mo wà lórí eré ńkọ́.

"Ẹ́ńjìnnì á há. Táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi. Ẹ̀yin ni ẹ ò ní dúró."

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan nítòsí Benson Street, Brewerville, ní òdì kejì odò, ni mo sì ń gbé. Ó ti sú mi kí n máa jí ní ìdájí kí n sì tún máa pẹ́ dé kíláàsì nítorí takisí. Mo ti mọ ọ̀kadà gùn láti ìgbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní abúlé kan tí mọ́tò kì í dé, nítorí náà kò bà mí lẹ́rù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń yí ọrùn wo obìnrin tó wọ aṣọ tíṣà tó sì ń gun alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà yẹn ló bà mí lẹ́rù. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi gbé e lọ bá mẹkáníìkì ní Logan Town.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mẹkáníìkì náà, àgbàlagbà tó ti pẹ́ ní Liberia ju èmi lọ dáadáa. Abẹ́ páànù kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín obìnrin tó ń ránṣọ àti ọkùnrin tó ń tún fáànù ṣe. Ó tú ẹ́ńjìnnì, ó fa ṣéènì yẹn jáde, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó wá gbé e sókè sí oòrùn. Ó ń dán.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Eyín tí kò dùn yín lẹ ń yọ yìí."

"Ẹ bá mi yọ ọ́, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Ó fi tuntun sí i, ó pààrọ̀ rọ́bà líle tí ṣéènì náà ń fara tì àti irin kékeré tó ń fà á le. Ó kó àwọn ti àtijọ́ sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e fún mi, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun yọ nǹkan onínǹkan òun sì gbé e pamọ́. Nígbà tí mo ń padà sílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mi dùn, mo rí ara mi bí ọlọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi níbi tí mo gbé ọ̀kadà sí. Òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fi ìjókòó han àlejò. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó ń fi alùpùpù kó èrò ní Brewerville. Pẹ́npẹ́n ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Irú ọ̀kadà kan náà la jọ ní. Ó ti gbọ́ pé mo tún tèmi ṣe.

"Sìsítà, tèmi ti ń ké láàárọ̀ bíi pé wọ́n da òkúta sínú agolo. Wọ́n ní ṣéènì inú ni. Ṣé ti àtijọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Ó wà nínú àpò tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Mo gbé ọ̀rá náà fún un. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́: "Mẹkáníìkì ní kò sóhun tó ṣe é."

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, èmi àti obìnrin náà la máa ń dúró ti ara wa, nítorí ohùn wa bára mu. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí n tó dá a dúró, ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Olúwa á ṣọ́ yín lójú ọ̀nà."

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo padà sí Logan Town láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Mẹkáníìkì tú asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó ń nù ún, ó wá dáwọ́ dúró. Ó pè mí sún mọ́ra. Nǹkan kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín bí èékánná tí wọ́n gé dànù. Irin ni.

"Ti ṣéènì ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti tuntun. Mo ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, tuntun pé. Èyí tí a yọ lọ́jọ́ yẹn ti ń já lọ nígbà tí mo ń fi hàn yín. Èmi ni mi ò rí i." Ó wò mí. "Níbo lẹ gbé e sí?"

"Mo ti fún ẹnìkan."

"Ó ti fi sí ẹ́ńjìnnì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ títí, bíi pé ìdọ̀tí náà kò fẹ́ kúrò. "Àǹtí, ẹ lọ bá a. Lónìí."

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ bá a ní oríta tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì fi irin yẹn, tí mo wé sínú bébà, hàn án. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Sìsítà, láti ìgbà tí mo ti fi tiyín sí i, kò ké mọ́. Ẹ tẹ́tí."

Ó ta ẹ́ńjìnnì. Lóòótọ́ ni, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo rántí pé ẹnjiníà ní kì í kìlọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pé òun á tú u ní Sátidé. Lọ́jọ́ kejì, mo ra ṣéènì tuntun ní ọjà Duala, mo gbé e lọ fún un kó má bàa ní àwáwí.

Ní Sátidé náà, ó kó èrò lọ síbi ìsìnkú. Ní Sátidé kejì, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́. Bí mo bá ti fojú kàn án ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ti na ọwọ́ sókè kí n tó la ẹnu: "Mi ò gbàgbé, Sìsítà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn fún mi kíákíá, á sì lọ.

Ohun tí mi ò ṣe nìyí: mi ò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbé obìnrin náà lọ síbi iṣẹ́, ní ilé-ìwé kan tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ kì í ṣe ohun tí ará ìta ń gbé tọ ìyàwó lọ. Mo ní àgbàlagbà ni, ó ti gbọ́. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu níbi ìdánrawò orin, tó yíjú sí mi.

"Kí lẹ fẹ́ sọ, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò sí nǹkan. Ìlà kejì yẹn ni. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ."

Ọjọ́bọ̀ kan ni, láàárọ̀, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mi ò tíì dé afárá tí mo fi rí i pé ọkọ̀ tò, àwọn èèyàn sì pé jọ níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Kí n tó rí ohunkóhun ni mo ti mọ̀. Ọkùnrin méjì ń gbìyànjú láti ti alùpùpù kan kúrò lójú títì, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò yí. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ọkùnrin ìjọ wa jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, "Ó há ni. Ó kàn há ni."

"Ìyàwó yín dà?"

Ó na ìka sí ọ̀nà. Takisí ti gbé e lọ.

Ọ̀sán ni mo tó rí ààyè dé ilé ìwòsàn. Ọkọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá, kò gbójú sókè. "Ó wà lábẹ́ ibùsùn wa," ó ní. "Ṣéènì tuntun yẹn. Mi ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀."

Mo wọlé. Itan obìnrin náà ti kán, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ti sán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere. Ó kọjú sí mi.

"Ó ní ẹ ti kìlọ̀ fún òun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tá a jọ ń kọrin?"

"Mo mọ̀."

Ó yíjú sí ògiri. Mo dúró síbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní àsìkò ìbẹ̀wò ti tán.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ báyìí. Ọkọ ti pa iṣẹ́ ọ̀kadà tì, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan. Obìnrin náà ti ń fi ọ̀pá rìn, kò sì padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Mẹkáníìkì kò jẹ́ kí ohun èlò àtijọ́ kankan jáde mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi òòlù fọ́ ọ. Ní Ọjọ́rú tí wọ́n bá fẹ́ bá obìnrin náà na ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn, èmi ni mo ń mú un lọ, takisí la sì ń wọ̀. Ọ̀rọ̀ òjò la máa ń sọ, àti ti àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, bá a ṣe ń sọdá afárá, ó bi mí lójijì pé, "Ọ̀kadà yín ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ó mi orí, ó wá kọjú sí fèrèsé, ó ń fọwọ́ ra itan tó kán náà títí a fi dé.