Ìyá Kílò Wọn Ṣúgà Kó Tó Wọn Ọmọ

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Ìyá Kílò ti kú, ṣùgbọ́n títí di òní, bí nọ́ọ̀sì kan bá rí ọ̀rá ṣúgà nínú ilé ìgbẹ̀bí tí màmá náà ti ṣiṣẹ́, yóò kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kó tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí ọ̀gá alábẹ̀wò gbé òṣùwọ̀n tuntun wá ni ọ̀rọ̀ náà di ìtàn.

Òṣùwọ̀n ọ̀hún ń dán yinrin. Wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù wé e bí ìyàwó. Ọ̀gá náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé bí àwọn aláṣẹ ṣe fẹ́ràn àwọn ìkókó tó. Gbogbo ìkókó tó wà níbẹ̀ sùn lọ. Nígbà tó parí, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ kan wá kí òun fi ṣí òṣùwọ̀n. Ìyá Kílò ò gbé ọmọ. Ó mú ọ̀rá ṣúgà kílò kan jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó gbé e lé e.

"Kílò kan àti igba gíráàmù," ó kà á sókè. "Ọ̀gá, kí ni ṣúgà yìí jẹ láàárọ̀?"

Ọ̀gá ní bóyá kò gbé e sí àárín. Ìyá Kílò gbé e kúrò, ó tún gbé e sí àárín gbùngbùn. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gíráàmù.

"Yéè! Ó ti ń ṣàìsàn." Ó gbé ṣúgà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ẹ wo bó ṣe rù! Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tètè dá a dúró sí wọ́ọ̀dù."

Ayàwòrán tí ọ̀gá mú wá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò mú un wá mọ́.

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí òṣùwọ̀n onírin àtijọ́ tó wà lórí tábìlì, ó fi bírò fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹrù ilé ìgbẹ̀bí, ó ní, "Bí mo bá tún rí ògbólógbòó yìí lórí tábìlì, Mà, ilé lẹ máa lọ jókòó sí." Oṣù mẹ́jọ péré ló kù kí Ìyá Kílò fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́: abẹ́ tábìlì ló gbé e sí.

Agbẹ̀bí ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òwú ló fi so apá kan ìgò ojú rẹ̀. Lójú tiẹ̀, kò sí ẹni tí kì í parọ́ lórí ọmọ tuntun: bàbá á ní ó tóbi, ìyá àgbà á ní ó ń sanra, àwọn ará ilé á ní ó ti ń rẹ́rìn-ín. Òṣùwọ̀n nìkan ló ṣeé bá sọ̀rọ̀, àfi kí èèyàn bi í wò láràárọ̀ bóyá orí rẹ̀ ṣì pé. Iṣẹ́ ṣúgà nìyẹn. Bí ṣúgà bá pé kílò kan, wọ́n á máa gbé ọmọ bọ̀. Bí kò bá pé, kò sẹ́ni tó máa wọn nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ṣúgà dín ní ogójì gíráàmù. Ìyá Kílò ní òṣùwọ̀n ti kú. Wọ́n pe atúnnǹkanṣe, ó tú u palẹ̀ pátápátá, ó tò ó padà, ó tún un tú, òógùn bò ó. Ọ̀sán ti pọ́n kí nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́wọ́ pé òun bu ṣíbí mélòó kan pò mọ́ tíì. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Kílò ti ra ṣúgà míì, tó sì fi aṣọ rán an mọ́nú pinpin. Ìhòòhò ni gbogbo ọmọ ń gun òṣùwọ̀n níbẹ̀. Ṣúgà nìkan ló ń wọ ẹ̀wù.

Ìhòòhò yẹn gan-an fa wàhálà. Àwọn ìyá àgbà a máa gbé ọmọ wá pẹ̀lú fìlà méjì, ìbọ̀sẹ̀, ṣúẹ́tà àti aṣọ ìbora. "Ọmọ ni mo ní kí ẹ gbé wá," Ìyá Kílò á ní. "Ẹrù ìrìnàjò yìí, ta ló ni ín?"

Awakọ̀ kan tiẹ̀ fẹ́ pe ọlọ́pàá. Kílò mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n bí ọmọkùnrin rẹ̀, ó sì ti kéde rẹ̀ fún gbogbo gáréèjì. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ti dín ní igba gíráàmù.

"Ta ló mú un?" ó ń pariwo. "Pípé ni mo gbé ọmọ mi sílẹ̀ níbí!"

Ìyá Kílò ṣàlàyé fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ìkókó ṣe ń rí, pé wọ́n a máa fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n á sì gbà á padà kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Kìkì bó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ ni ewu wà. Awakọ̀ ní òun ò mọ ìdá, ibi tí igba gíráàmù òun wà ni kó fi han òun. Ó kó àwọn ìtẹ́dìí àná fún un.

Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì aláṣẹ náà ò sàn ju awakọ̀ lọ. Wọ́n kọ̀wé sí i pé ní gbogbo ilé ìgbẹ̀bí yòókù, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ ló ti ń wúwo sí i, ojoojúmọ́, láìyẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ ti ń fúyẹ́? Ó dá wọn lóhùn ní ìlà kan: "Nítorí pé à ń wọ̀n wọ́n ni."

Nígbà náà ni aránṣọ kan bí ọmọbìnrin, àkọ́bí, kílò mẹ́ta géérégé. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá aránṣọ náà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ó ń yangàn pé òun ò rí ọmọ jẹ́jẹ́ báyìí rí, kì í ké, oorun ló ń sùn ṣáá. Nọ́ọ̀sì kan tó bẹ̀rù ọ̀gá fi òṣùwọ̀n tuntun wọ̀n ọ́n láìwọn ṣúgà: kílò mẹ́ta, kò lé, kò dín. Wọ́n ti ń wọṣọ fún un láti máa lọ.

"Ẹ dá a padà," ni Ìyá Kílò wí. Ó ti rí bí awọ itan ọmọ náà ṣe hunjọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ògbólógbòó jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó wọn ṣúgà, ó wọn ọmọ. Kílò méjì àti ẹgbẹ̀ta gíráàmù.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá alábẹ̀wò yọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni mò ń wò lórí tábìlì yìí?"

"Ọmọ ni, ọ̀gá."

"Lábẹ́ ọmọ ńkọ́?"

"Irínwó gíráàmù tó ti sọnù ni."

"Mà, iṣẹ́ yín parí lónìí."

"Ó dáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ̀ ń dí mi níwájú."

Ó kúrò níṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú òṣùwọ̀n onírin lábẹ́ apá. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ti fagi lé e nínú ìwé. Ohun tí ìwé ò mọ̀ pé ó wà, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ti lọ?

Ilé aránṣọ ló gbà lọ tààrà, yàrá kan ṣoṣo sì ni. Ìyá Kílò ti ègékù aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wá wo bí ọmọ ṣe ń mu ọmú. Kò mu ún dáadáa rárá. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ìyá àgbà ń fi sí i lẹ́nu, ikùn kún, ọmọ sùn.

"Jẹ́jẹ́ kọ́ ló jẹ́, ìyá wa," Ìyá Kílò ní. "Agbára àtiké ni kò ní."

Ìyá àgbà gbé kẹ́tùlù kúrò. Ìyá Kílò kọ́ aránṣọ bó ṣe máa gbé ọmọ sọ́mú, bó ṣe máa fún wàrà sínú ife kékeré, kó jí i ní wákàtí méjì méjì. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò dín, kò lé.

"Mà, ṣé ó máa yè?" aránṣọ bi í.

"Èmi kì í sọ̀rọ̀ kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kẹfà, òṣùwọ̀n sọ̀rọ̀: ogún gíráàmù ni ọmọ fi lé. Aránṣọ ò mọ̀ bóyá kí òun yọ̀. Ìyá Kílò da bọ́tìnnì sórí òṣùwọ̀n díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pé ogún gíráàmù, ó wá kó o sí i lọ́wọ́. "Ohun tí ọmọ rẹ fi kún ara rẹ̀ láti àná nìyí. Dì í mú." Aránṣọ dì í mú, ó sì bú sẹ́kún.

Ojoojúmọ́ ló ń wá, àárọ̀ kan náà, òṣùwọ̀n kan náà, fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, ẹni tí wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá láyé, ọmọ jẹ́jẹ́ ń ké débi pé àwọn ará ilé kejì wá fẹjọ́ sùn. Ìyá Kílò ní kí wọ́n máa bọ̀ wá dúpẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó gbé ọmọ lé e, ó sì dúró kí irin fara balẹ̀. Kílò mẹ́ta. Ó kọ ọ́ sínú káàdì. Ó nu ìgò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Ó wọṣọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, tòun tìbọ̀sẹ̀, ó dé fìlà fún un, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì jókòó sórí àpótí.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ìyá àgbà wúkọ́.

"Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà ti wọ̀n ọ́n tán."

"Mo mọ̀," ni Ìyá Kílò wí, kò sì gbé e sílẹ̀. "Ta ló bi yín?"