Abà tí Máàpù Pè ní Ahoro

Ní ọdún 1996, kò sí ọlọ́kadà kan ní Agbowó tí kò mọ ilé Bàbá Onímáàpù. Bándélé Ọ̀ṣuntóyìn ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìjerò Èkìtì, alàgbà ìjọ sì ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti gba ipò orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi ya máàpù ní ilé-iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí àyè kò sí fún àwọn máàpù àtijọ́ mọ́, òun ni ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó wọn lọ sílé. Ó tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tò wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Fọláyọ̀, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Yọ̀mí, a máa sọ fún àlejò pé òun kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni òun fẹ́ tàbí ilẹ̀ Ìbàdàn.

Ní gbogbo Sátidé, Bàbá a mú máàpù kan dání, a sì fi ẹsẹ̀ tọ ipa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó mọ ibi tí odò kan gbà kọjá ní Bódìjà kí wọ́n tó da kọnkéré lé e lórí. Ó mọ oko kòkó tí ó wà ní Ring Road, níbi tí wọ́n ti ń ta epo mọ́tò báyìí. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi í pé kí ni èrè ibẹ̀, a ní Ọlọ́run tí ó pa ààlà fún òkun, tí ó sì sọ fún ìgbì pé ìhín ni kí o mọ, kò lè kórìíra ẹni tí ó ń pa ìrántí ààlà mọ́. Bí wọ́n bá tún jiyàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́: “Máàpù kì í parọ́.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan tí ó tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta kan ilẹ̀kùn. Ìyẹ̀fun gàárì wà ní etí ìró rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ti gba eruku títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Lateefat ni mí, ará Abà Ògúnlẹ́yẹ, lẹ́yìn Challenge lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ká ilẹ̀ Ìbàdàn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Àwòrán rẹ̀ ni mo ká o, Àlàájà. Ilẹ̀ gan-an wà níta. Ẹ jókòó. Ìyá Yọ̀mí, ẹ bá wa fún àlejò lómi.”

Lateefat jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ti gba ìwé lórí ilẹ̀ àwọn, láàárín Challenge àti Olúyọ̀lé, láti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n ní àwọn ará abà kì í ṣe onílẹ̀, pé ìgbà tí ogun abẹ́lé parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí kò ní èèyàn. Lọ́yà àwọn, ọ̀gbẹ́ni Wándé, ní bí òun bá rí máàpù kan tí ó ti pẹ́ ju ogun náà lọ, tí abà náà sì wà nínú rẹ̀, ẹnu wọn yóò wọhò. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta ni adájọ́ yóò parí ọ̀rọ̀ náà.

“Ilé méjìlá ni, Bàbá. Bàbá mi sì wà lẹ́yìn ilé. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kú, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé àwọn lọ sí agboolé nílùú, pé oko làwọn ti jayé, oko náà làwọn máa sùn. Bí wọ́n bá lé wa, ta ló máa ṣí katapílà lórí sàréè?”

Àánú ṣe Bàbá, inú rẹ̀ sì dùn pẹ̀lú, nítorí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò ohun tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó fa máàpù ọdún 1964 yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìwé orin tẹ etí rẹ̀ kan, ó fi ago tẹ èkejì. Ó bá odò lọ títí ó fi dé ibi tí odò náà ti ṣẹ́ kọ́nà, ó sì gbé ìka lé òkè rẹ̀ díẹ̀. Àmì abà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Ó fa máàpù náà súnmọ́ ojú.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Mi ò mọ̀wé o.”

“Ahoro ni wọ́n kọ.”

“Ahoro kẹ̀?” Lateefat dìde. “Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí! Ọdún wo lẹ pè é?”

“Ọdún 1964.”

“Ọdún yẹn gan-an, ọmọ mẹ́tàdínlógún là ń jẹun lọ́wọ́ ìyá mi. Àbí iwin ni wá ni? Ta ló wá wò wá lójú tó pè wá lókùú?”

“Àlàájà, ẹ fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣi ọdún kà. Máàpù kì í parọ́.”

 Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Yọ̀mí, ó sì jáde. Kò fẹnu kan omi náà.

Bàbá kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé ó gba obìnrin náà gbọ́; ohun tí ó fẹ́ ni ẹ̀rí tí yóò fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tú àpótí, ó sì rí ìwé kékeré tí ó ń mú lọ sóko ní ọdún náà, nígbà tí wọ́n ní kí ó máa rìn láti abà dé abà kí ó gba orúkọ wọn sílẹ̀. Ó ṣí i sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Ẹ̀pírẹ́lì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó bá níbẹ̀: *Mùsílíù kò wá síṣẹ́, ó lọ ilé ṣe Iléyá. Òjò. Abà mẹ́rin. Ìkẹta: ilẹ̀kùn méjìlá, títì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èèyàn. Ààrò tútù. Ahoro.*

Ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mùsílíù ni ó ń bá a gbé ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, ọmọ Ìbàdàn gidi. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó ti bẹ̀ ẹ́. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ṣọdún tán ná. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí í ṣọdún lóko. Bí ẹ bá lọ lọ́la, aláǹgbá lẹ máa bí léèrè orúkọ.” Bándélé rò pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe é. Ní Ìjerò tirẹ̀, ibi tí èèyàn ń sùn ni ó ti ń ṣọdún. Kò tíì yé e pé ilé méjì ni ọmọ Ìbàdàn ní: oko ni ó ti ń ṣiṣẹ́, agboolé nílùú ni ó ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni ó ti ń gbéyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń sin ín sí, àyàfi ẹni tí ó bá kọ̀. Bí Iléyá bá ku ọ̀la, gbogbo abà ni yóò tilẹ̀kùn, tí yóò ti àgbò ṣáájú, tí yóò gba ọ̀nà ìlú lọ. Bándélé sì wọ inú abà náà nínú òjò, ebi ń pa á, ó fọwọ́ kan eérú ààrò, ó tutù. Pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú èrò pé òun yóò padà wá. Kò padà. Wọ́n gbé e lọ sí apá ibòmíràn, ẹlòmíràn sì fi tàdáwà gbé ohun tí ó fi pẹ́ńsù kọ sórí máàpù.

“Èmi ni,” ó sọ fún Fọláyọ̀. “Èmi ni mo pa wọ́n.”

“Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni, Bàbá Yọ̀mí. Wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ mú ìwé yìí tọ lọ́yà wọn lọ ní Dùgbẹ̀ lọ́la.”

“Màá lọ.”

Kò lọ. Epo mọ́tò ti wọ́n ní ìlú ní ọ̀sẹ̀ náà, ọkọ̀ kò sì sí. Ó sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe òun ni ó ń fi ẹsẹ̀ rin Ìbàdàn já ní gbogbo Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìjọ ń ṣe ìdúpẹ́ fún àwọn àgbà, wọ́n sì ní kí Alàgbà Ọ̀ṣuntóyìn kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́. Ègún tí ń bẹ lórí ẹni tí ó bá ṣí ààlà aládùúgbò rẹ̀ nípò ni ó yàn. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ó jókòó, ó ń wò ó bí wọn yóò ti wí ní kóòtù, tí wọn yóò pe orúkọ rẹ̀, tí lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà yóò sì bi í pé, “Bàbá, abà mélòó ni ẹ tún kọ ní ahoro láìbéèrè?” Kò mọ iye rẹ̀. Èyí ni ó ń bà á lẹ́rù. Bí ọ̀kan bá ṣubú, kí ni yóò kù nínú ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n?

Fọláyọ̀ kò bínú. Ọ̀rọ̀ kan ni ó sọ, níbi tí ó ti ń ká aṣọ. “Ọkùnrin kan fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà kan rí. Omi náà kò wẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kẹta, Bàbá jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gbàdúrà, ó fi ìwé náà sí àpò àyà, ó sì bọ́ sọ́nà. Kò sí ọkọ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ náà. Ìlà mọ́tò ní ilé epo gùn dé Mọ́kọ́lá. Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín, pẹ̀lú orúnkún ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Nígbà tí ó fi dé kóòtù, oòrùn ti wà ní àtàrí. Lọ́yà Wándé wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti bọ́ ẹ̀wù dúdú sí apá. Bàbá sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un, ó sì na ìwé náà sí i.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kà á ní ìdúró. “Bàbá, ìgbà wo lẹ rí èyí?”

“Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́la.”

“Ẹ̀dà máàpù yín ti ọdún 1964 wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà; òun ni wọ́n kà sí wa létí láàárọ̀ yìí. Adájọ́ ti dájọ́.” Ó dá ìwé náà padà jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó lè fọ́. “A óò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ṣùgbọ́n katapílà kì í dúró de ìwé, Bàbá.”

Kò dúró. Ọjọ́rú ni ó dé. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ bóyá ilé ẹnikẹ́ni yóò ṣì wà ní ìdúró nígbà tí ó bá bá a.

Ní ọjọ́bọ̀, Bàbá lọ síbẹ̀. Ohun tí ó kù ni ilẹ̀ pupa tí wọ́n há bí igbá, páànù tí ó ti rún, àti àfọ́kù ìkòkò kan tí wọ́n fi ń yan gàárì. Àwọn ará abà ti kó ẹrù wọn lọ sí agboolé nílùú, Lateefat nìkan ni ó jókòó sórí odó tí ó ṣubú. Lọ́yà Wándé ti sọ ohun gbogbo fún un.

“Bàbá Onímáàpù, ẹ káàbọ̀,” ó wí. “Ẹ wò ó, máàpù yín ti sọ òótọ́.”

Bàbá ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ náà pẹ̀lú gbogbo ewú orí rẹ̀. “Ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo tún mọ̀, mo sì jókòó sílé.”

 Ọkọ̀ ńlá kan ń kérora ní ọ̀nà Challenge.

“Ẹ dìde,” obìnrin náà wí. “Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n jókòó kí irú yín wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì, ẹ fún mi láyè ná. Kò tíì sí lẹ́nu mi. Ohun kan lẹ lè ṣe fún mi. Wọ́n ti há gbogbo ibẹ̀, mi ò mọ iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fi máàpù yín bá mi wá ibi tí bàbá mi wà.”

Bàbá tẹ́ máàpù sórí odó. Odò náà ṣì wà ní ìsàlẹ̀, ó ṣì ṣẹ́ kọ́nà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó ń ka ìṣísẹ̀, obìnrin náà ń tẹ̀ lé e. Ó rí ibi tí abà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, máàpù kò ní ohunkóhun láti sọ mọ́. Nínú rẹ̀, ilé méjìlá pẹ̀lú gbogbo ọmọ inú wọn kò tó hóró ìrẹsì kan. Kò sí lẹ́yìn ilé níbẹ̀, kò sì sí sàréè. Ó lọ, ó bọ̀.

Lateefat dúró níbì kan tí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣe àdúà fún bàbá rẹ̀. Bàbá di fìlà mú sí àyà, ó sì bẹ Ẹni tí ó ka irun orí gbogbo ènìyàn pé kí Ó jọ̀wọ́ rántí ibi tí ọ̀kan sùn sí. Nígbà tí obìnrin náà ti fi ọwọ́ ra ojú, ó yíjú sí i.

“Bàbá, ṣé ibí ni?”

Bàbá wo ilẹ̀ náà.

“N kò mọ̀, Àlàájà,” ó wí.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó fi pẹ́ńsù kọ ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn nìyẹn.